Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ṣúgà Kù Nínú Oúnjẹ Àgbàlagbà, Kí Ara Wọn Má Sì Rù

Tí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà dín ṣúgà kù, àtọ̀gbẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Bí wọ́n bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá wò, tí dókítà ní kò sí àtọ̀gbẹ, gbogbo ilé á ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí màmá máa jẹ ohun tó bá wù wọ́n. Kò tíì parí o. Ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan ṣì lè máa jẹun lójoojúmọ́, kó máa yó, síbẹ̀ kí ara rẹ̀ máa wá purotéènì tó ń mọ iṣan, kálísíọ́mù tó ń mú egungun le, àti fítámì tì. Ṣúgà ti jókòó sí àyè wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ oúnjẹ fún òbí yín, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ń dáná fúnra yín, ni mo kọ èyí fún. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí ẹ máa fi dípò, kí ẹ tó mú ṣúgà kúrò. Ẹni tó bá kàn gba ṣúgà lọ́wọ́ àgbà láìfi nǹkan kan sí i lọ́wọ́, àfàìmọ̀ ni kó má sọ wọ́n di ẹni tó ń rù, bẹ́ẹ̀ rírù lọ́jọ́ ogbó le ju ṣúgà àṣejù lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ni iṣan ń dín kù, tí ìrìn àti iṣẹ́ agbára náà ń dín kù. Nítorí náà, agbára tí ara ń béèrè látinú oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń fi kálórì wọ̀n, á wálẹ̀. Àwọn èròjà aṣaralóore tí ara ń béèrè kò bá a wálẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń lọ sókè ni. Ìwọ̀n purotéènì tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó ti dàgbà ni gíráàmù 0.8 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Fún arúgbó, àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń sọ gíráàmù 1 sí 1.2. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ti kọjá 70 ọdún máa rí 800 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) fítámì D lójúmọ́, nígbà tí ti ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 600. Kálísíọ́mù wọn jẹ́ mílígíráàmù 1,200, ti ẹni ogójì ọdún sì jẹ́ 1,000. Fítámì B12 tún wá ní wàhálà tirẹ̀: ásíìdì inú ikùn ọ̀pọ̀ àgbà ti dín kù, kò sì lágbára mọ́ láti já B12 kúrò lára ẹran àti ẹja bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń jẹ ẹ́, àmọ́ ara kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Ó dà bí arìnrìn-àjò tí wọ́n gba àpò ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi kékeré rọ́pò, tí ẹrù tó gbọ́dọ̀ gbé kò sì dín rárá. Kò sáyè fún ohun tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

Gíráàmù ṣúgà kan ń fún ara ní kálórì 4, kò sì gbé ohun mìíràn wá. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó jẹ́ mílílítà 330 lè ní nǹkan bíi gíráàmù 35 ṣúgà nínú, ìyẹn kálórì 140. Ẹyin méjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju kálórì 140 yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 12 purotéènì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú B12 àti fítámì D díẹ̀. Ife mílíìkì kan, nǹkan bíi kálórì 150, á gbé purotéènì gíráàmù 8 wá àti kálísíọ́mù tó tó mílígíráàmù 300. Àgbà tó mu agolo kan láàárọ̀ tí kò wá lè jẹ ẹyin mọ́ nítorí pé ó ti yó, kò sí ẹni tó máa rí i pé ó pàdánù nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀kánjúà. Imú tó ń gbọ́ òórùn oúnjẹ ti ń rẹ̀yìn, oògùn kan ń mú ẹnu gbẹ, òmíràn ń jẹ́ kí oúnjẹ korò lẹ́nu. Adùn ló sábà máa ń kù tí ahọ́n ṣì ń gbọ́ ketekete. Ohun dídùn tún rọ̀, kò béèrè eyín, kò béèrè iná. Ẹni tó ń dá gbé, tí orúnkún ń dùn, bisikíìtì ló sún mọ́ ọn jù lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣúgà, ẹ wọn wọ́n

Ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ iye kílò àti ọjọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá mọ iye tí wọ́n wọ̀n ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ fi wé e. Tí ìwọ̀n wọn bá ti fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, láìjẹ́ pé wọ́n dìídì fẹ́ fọn, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ṣúgà. Fún ẹni tó wọn kílò 60, kílò 3 péré nìyẹn. Tí kò bá sí ìwọ̀n nílé, ẹ wo ìgbànú tó ti ń wọ ihò tuntun, òrùka tó ń yọ bọ́ lọ́wọ́, eyín àtọwọ́dá tó ń mì lẹ́nu.

Ẹ béèrè oògùn tí wọ́n ń lò pẹ̀lú. Tí àgbà bá ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn bíi glibenclamide tàbí glimepiride, ẹ má ṣe gé ṣúgà tàbí oúnjẹ wọn kù lójijì láìsọ fún dókítà. Iye oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n oògùn yẹn. Tí oúnjẹ bá já wálẹ̀ tí oògùn dúró síbi tó wà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi ewu. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá náà gbọ́dọ̀ béèrè kó tó fi kún purotéènì.

Ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìwé àti bírò

Ẹ kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé àlejò àti ọmọ-ọmọ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ aago rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo máa ń ní kí èèyàn wò jù ni ohun dídùn tí wọ́n jẹ láàárín wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ gidi, torí pé ibẹ̀ ni ìpàdánù ti ń wáyé. Bisikíìtì mẹ́rin ní aago mọ́kànlá lè jẹ́ ìdí tí wọ́n fi fi ẹja ọ̀sán sílẹ̀.

Ẹ má gbàgbé oògùn ikọ́ olómi, súìtì tí wọ́n ń lá nítorí ẹnu tó gbẹ, àti ṣúgà tíì. Ti tíì yìí, ẹ má bi wọ́n léèrè. Ẹ rọra wo ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń bù ú. Ṣíbí tíì tó tẹ́jú gba nǹkan bíi gíráàmù 4, ṣùgbọ́n ta ló ń bu ṣíbí tó tẹ́jú?

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí agbára tó ń wá látinú ṣúgà má ṣe tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́, àti pé á tún dára sí i tí kò bá tó ìdá márùn-ún. Kì í ṣe ṣúgà tí èèyàn fọwọ́ dà síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ: oyin wà níbẹ̀, omi èso tí wọ́n fún náà wà níbẹ̀. Odindi èso àti mílíìkì lásán kò sí níbẹ̀. Fún àgbà tí ara rẹ̀ ń béèrè kálórì 1,600, ìdá mẹ́wàá jẹ́ gíráàmù 40, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́wàá. Ìdá márùn-ún jẹ́ ṣíbí márùn-ún. Ẹ ó ti rí i pé agolo kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ti ọjọ́ náà tán.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ìdá 25 ni òdiwọ̀n. Ó níbi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, Institute of Medicine, àjọ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé kí ṣúgà àfikún má kọjá ìdá 25, nítorí pé èròjà aṣaralóore tí èèyàn ń jẹ máa ń dín kù gan-an lókè ibẹ̀. Òrùlé ni wọ́n júwe yẹn, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbé ibẹ̀.

Ẹ ka ara páálí

Wọ́n máa ń to ohun tó wà nínú oúnjẹ sára páálí láti orí èyí tó pọ̀ jù. Tí ṣúgà bá wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà. Ó máa ń yí orúkọ padà: sucrose, glucose, dextrose, fructose, maltose, syrup. Èyí tó bá fi "ose" parí, ẹ fura sí i.

Nínú ìlànà tí wọ́n ń lò ní Britain, oúnjẹ tí ṣúgà rẹ̀ ju gíráàmù 22.5 lọ nínú gíráàmù 100 ni wọ́n kà sí èyí tó ga, èyí tí kò ju 5 lọ ni wọ́n kà sí èyí tó kéré. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn dá mílíìkì lẹ́jọ́. Mílíìkì tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí ní nǹkan bíi gíráàmù 5 ṣúgà tirẹ̀ nínú mílílítà 100, a kì í sì í ka ìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni mílíìkì tó ki, tó dùn, tó ń fà bí oyin. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ṣúgà. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi í ṣe ìtọ́jú àgbà tí kò lè jẹun, tí wọ́n rò pé mílíìkì ni wọ́n ń fún wọn.

Oyin ńkọ́? Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n fítámì inú ṣíbí oyin kan kéré débi pé kò tó nǹkan tí èèyàn ń kà. Ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí funfun.

Kì í ṣe gbogbo ṣúgà ni ẹ máa bá jà

Ẹ pín ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni ṣúgà tó dá wá: ọtí ẹlẹ́rìndòdò, súìtì, ṣúgà inú tíì, omi adùn. Ìkejì ni ṣúgà tó kó èròjà lẹ́yìn wá: yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n fi adùn sí, mílíìkì tí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ pò, oúnjẹ ọkà inú páálí tí wọ́n ti fi fítámì àti áyọ́ọ̀nù kún. Tí ṣíbí ṣúgà kan bá jẹ́ ohun tó máa mú kí bàbá jẹ odindi àwo oúnjẹ tí mílíìkì àti ẹ̀pà lílọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi ṣíbí yẹn sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.

Tèyí tó dá wá ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ohun mímu ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ilé tí ẹ lè yọ gíráàmù 35 kúrò lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi ni kó gba ipò rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bíi ti ọ̀dọ́, ó sì lè jẹ́ pé agolo yẹn ni ọ̀nà tí omi fi ń wọ ara wọn. Ẹ gbé omi sítòsí wọn, kí ẹ máa rán wọn létí. Ẹ lè gé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ewé míńtì díẹ̀ sínú rẹ̀ kó má baà tẹ́ lẹ́nu.

Ẹ fi nǹkan dípò

Ibí ni iṣẹ́ wà. Gbogbo kálórì tí ẹ bá yọ, ẹ dá a padà pẹ̀lú ohun tó ní purotéènì tàbí fítámì nínú. Ẹyin sísè rírọ̀ kan dípò bisikíìtì aago mọ́kànlá. Ife mílíìkì dípò agolo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ fún ẹni tó fẹ́ adùn lẹ́yìn oúnjẹ; odindi èso ní fáíbà nínú, ìyẹn sì ń ran àgbà tí ìgbẹ́ ń le fún lọ́wọ́. Ẹni tí mílíìkì ń dà láàmú nínú lè gba yọ́gọ́ọ̀tì dáadáa ju mílíìkì lọ, tàbí kó jẹ ẹja kékeré tí wọ́n ń jẹ teegun-teegun.

Fún ẹni tí kò léyín, ẹ má sọ pé ẹran ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ gún un, ẹ se é pẹ́. Ẹ po ẹyin mọ́ ọbẹ̀ nígbà tó bá ń hó. Ẹ̀wà tó jinná dénú, tí wọ́n lọ̀ kúnná, ní nǹkan bíi gíráàmù 15 purotéènì nínú ife kan. Ṣíbí ńlá méjì mílíìkì oníyẹ̀fun nínú oúnjẹ olómi á fi nǹkan bíi gíráàmù 4 kún un, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò sì ní mọ̀ pé ẹ fi nǹkan kan sí i. Àmọ́ tí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun, tàbí tí wọ́n ń wúkọ́ tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ jẹ́ kí dókítà rí wọn kí ẹ tó yí oúnjẹ wọn padà.

Ẹ pín purotéènì sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Oúnjẹ àárọ̀ ló sábà máa ń ṣófo: tíì oníṣúgà àti búrẹ́dì, ó parí. Tó bá jẹ́ ibì kan péré ni ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ tún àárọ̀ ṣe.

Ètò jíjẹ náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin kọ́kọ́ wọlé, kí ohun mímu àti adùn wá lẹ́yìn. Ẹ kò ní láti fi dandan ṣe é. "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹyin yìí ná, ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn" ti tó. Ẹni tó lọ kó ṣúgà pamọ́ fún òbí rẹ̀ bí ẹni ń kó o pamọ́ fún ọmọdé, á rí i pé wọ́n á ní kí ọmọ aládùúgbò ra tiwọn wá, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ tún rí ohun tí wọ́n ń jẹ mọ́.

Ahọ́n fẹ́ àkókò

Ẹni tó ń mu tíì oníṣíbí mẹ́ta kò ní fẹ́ràn oníṣíbí kan lọ́la. Ẹ fi ìdajì ṣíbí dín in kù, kí ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó tún dín in. Ata ilẹ̀ àti sínámọ́ọ̀nù ń fún oúnjẹ ní òórùn tí imú tó ti rẹ̀yìn ṣì lè gbọ́. Tí ẹnu bá máa ń gbẹ, omi díẹ̀díẹ̀ tàbí ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà sàn ju súìtì lọ, nítorí pé itọ́ tó dín kù kò lè fọ ṣúgà kúrò, gbòǹgbò eyín ló sì ń jẹrà. Eyín tó ń dunni tún ń lé èèyàn sá fún ẹran, ó ń dá a padà sídìí ohun rírọ̀ dídùn. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Ní ti adùn àtọwọ́dá tí kì í ṣe ṣúgà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé kí àwọn èèyàn má fi í ṣe ọ̀nà láti dín ìsanra kù; ìmọ̀ràn náà kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Èrò tèmi ni pé ó lè ran ẹni tí agolo ti di bárakú fún lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò sí purotéènì nínú tirẹ̀ náà. Àyè yẹn ṣì ṣófo.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ máa wọn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láàárọ̀, pẹ̀lú irú aṣọ kan náà. Tí kílò bá ń já wálẹ̀ lára ẹni tí kò sanra, ẹ dáwọ́ ìdínkù ṣúgà dúró, kí ẹ fi kún ohun tí ẹ fi ń dípò: òróró díẹ̀ sí i, ẹ̀pà lílọ̀, ẹyin kan sí i. Ẹ wò ó bóyá ó ṣì rọrùn fún wọn láti dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Ìyẹn ń sọ nípa iṣan ju ojú lásán lọ.

Fún ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí àwọn oògùn tí mo dárúkọ lókè, ẹ jẹ́ kí ṣúgà ṣì wà nílé. Tí wọ́n bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, tàbí tí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL, ẹ fún wọn ní ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, tàbí mílílítà 150 ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà gidi, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tí wọ́n bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ẹ sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ rí dókítà, ẹ mú ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn dání, kí ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ B12 àti fítámì D wò nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ti ń lo metformin (oògùn àtọ̀gbẹ) tàbí omeprazole (oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù) láti ọdún pípẹ́. Àwọn oògùn méjèèjì yìí lè dín B12 tí ara ń gbà kù, oúnjẹ nìkan kì í sì í fìgbà gbogbo tó láti dí àlàfo yẹn.